Òkúta Dúdú Nínú Ilẹ̀ Pupa: Bí A Ṣe Lè Dá Òkúta Básọ́ọ̀tì Mọ̀

  

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí kò yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń kọ ebè lórí ilẹ̀ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún un. Lójijì, ọkọ́ rẹ̀ ró gan-an lára nǹkan. Ó wú nǹkan ọ̀hún jáde, ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Òkúta dúdú ni. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́, ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, orí kejì sì fẹ̀, ó mú bí ẹnu àáké. Ara rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti pé jọ. Bàbá kan ní ẹdùn àrá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí a ó fi pe àwọn oníṣàngó. Ẹlòmíràn ní ohun olówó iyebíye ni, pé ìjọba lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ọmọ yìí nítorí rẹ̀. Ẹnì kẹta ní òkúta lásán ni, kí ó sọ ọ́ sígbó kí ó máa kọ ebè rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹta, oníṣòwò kan wá láti ìgboro. Ó fún ọmọ náà ní owó tí kò ju owó àpò ajílẹ̀ kan lọ, ó gbé òkúta náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé etí mi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Èmi kò bá ọmọ náà wí. Ohun tí ènìyàn kò bá mọ̀, kò lè mọ iye rẹ̀. Èmi náà ni mo jẹ̀bi díẹ̀, nítorí pé mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa omi mímu, nípa ṣáláńgá àti nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n n kò bá yín sọ̀rọ̀ rí nípa ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

ILẸ̀ TÍ A WÀ YÌÍ KÒ NÍ ÀPÁTA

Ẹ wo gbogbo ilẹ̀ tí ó yí Ìlú Ìbíní ká. Bí ẹ bá gbẹ́ ṣáláńgá, bí ẹ bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, bí ẹ bá gbẹ́ kànga, kí ni ẹ máa ń bá? Ilẹ̀ pupa ni, iyanrìn àti amọ̀ tí ó pò pọ̀, tí ó sì jìn púpọ̀. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga lè wà á lọ sísàlẹ̀ títí kí wọ́n tó rí omi, kí wọ́n má sì kan àpáta kankan. Omi àwọn odò ayé àtijọ́ ló gbé iyanrìn yìí wá, tó ń kó o jọ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún. Ó tàn ká ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wa, ṣùgbọ́n orúkọ Ìbíní ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pè é níbi gbogbo.

Àwọn ará Ìbíní ayé àtijọ́ mọ ilẹ̀ wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dáàbò bo ìlú, wọn kò wá òkúta lọ. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì di odi. Títí di òní, a ń rí yàrà náà nínú ìgboro. Òkúta tí àwọn bíríkìlà ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì lónìí, ọkọ̀ ló ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn, láti ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ẹdó níbi tí Igarra àti Okpella wà, tàbí láti Ìpínlẹ̀ Òndó.

Ohun líle méjì péré ni ilẹ̀ wa yìí ń bí fúnra rẹ̀: àwọn òkúta wẹ́wẹ́ funfun tí ó wà nínú iyanrìn, àti yangí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn ná: bí ẹ bá rí òkúta ńlá kan tí kì í ṣe yangí nínú oko yín, kò hù níbẹ̀. Ènìyàn ló gbé e wá, yálà lánàá pẹ̀lú ọkọ̀, tàbí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn lórí tàbí lọ́wọ́.

KÍ NI BÁSỌ́Ọ̀TÌ?

Básọ́ọ̀tì ni òkúta dúdú tí iná ilẹ̀ bí. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé àwọn ọmọ yín, b-a-s-a-l-t ni wọ́n máa ń kọ. Jìnnà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ooru pọ̀ débi pé òkúta ń yọ́. Nígbà mìíràn, òkúta yíyọ́ yìí ń rí ọ̀nà àbáyọ, yóò sì tú jáde láti orí òkè ayọnáyèéfín tàbí láti ibi tí ilẹ̀ ti là. Omi tí ń hó lórí iná kò ju 100 dígíríì lọ. Òkúta tí ń ṣàn yìí máa ń gbóná tó 1,000 sí 1,200 dígíríì. Nígbà tí ó bá dé òde, afẹ́fẹ́ a fẹ́ sí i, kíákíá ni yóò tutù, yóò sì dì. Ohun tí ó dì náà ni básọ́ọ̀tì.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń fún epo, ọ̀rọ̀ yìí yóò tètè yé yín. Bí epo pupa bá tutù díẹ̀díẹ̀ nínú agbada, ṣé ẹ máa ń rí i bí ó ṣe ń ṣe kóró-kóró? Ṣùgbọ́n bí ó bá tètè tutù, ara rẹ̀ a máa jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkúta. Akọ òkúta tí ó wà ní Olúmọ ní Abẹ́òkúta, àti àwọn òkè Ìdànrè, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti tutù, ó sì gbà wọ́n ní àkókò tí ó gùn púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń rí kóró funfun, kóró dúdú àti ohun tí ń tàn yinrin lára wọn. Ẹ̀yìn tí ojò ti fọ ilẹ̀ orí wọn lọ ni wọ́n tó yọ síta. Básọ́ọ̀tì ní tirẹ̀ kò ní sùúrù. Ó tètè tutù, kóró rẹ̀ kò sì ráyè dàgbà. Ojú lásán kì í lè rí kóró náà.

Kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ adúláwọ̀. Ó pọ̀ ní Jos. Níbẹ̀, àwọn tí ń wa tánńganran nígbà kan ní láti la básọ́ọ̀tì kọjá ní àwọn ibì kan, nítorí pé òkúta yíyọ́ ti ṣàn bo ipadò àtijọ́ tí tánńganran wà. Ó wà ní Biu ní Ìpínlẹ̀ Borno, ó sì wà ní Ikom ní Ìpínlẹ̀ Cross River. Òkè ńlá Kamẹrúùnù, tí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4,095 mítà, kò jìnnà sí wa tó 500 kílómítà bí ẹyẹ bá ń fò láti Ìbíní. Iná òkè yẹn kò tíì kú. Ó tú jáde ní 1922, ní 1959, ní 1982, ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Ní 1922, òkúta yíyọ́ ṣàn títí ó fi wọ inú òkun. Ní 1999, ó la títì tí ó gba ẹ̀gbẹ́ òkun lọ láti Limbe kọjá. Básọ́ọ̀tì ni gbogbo rẹ̀.

Kódà, kò sí òkúta iná tí ó pọ̀ tó o láyé. Òun ni ó tẹ́ ìsàlẹ̀ òkun. Ibi tí ó ṣókùnkùn tí a ń rí lójú òṣùpá, òun náà ni. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 1969, ó wà nínú òkúta tí wọ́n kó bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé básọ́ọ̀tì ṣọ̀wọ́n bí góòlù, ó ń tàn yín ni.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Kò sí ohun kan ṣoṣo tí ó tó fi dá òkúta mọ̀. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rí jọ bí ìgbà tí a bá ń dá ẹjọ́.

Èkíní, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Àwọ̀ básọ́ọ̀tì a máa dúdú tàbí kí ó rí bí eérú tí ó ṣókùnkùn. Bí ó bá ti pẹ́ níta, èèpo ara rẹ̀ a máa pọ́n bí irin tí ó dípẹtà, nítorí pé irin wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ó ti kán, ẹ má wo èèpo nìkan.

Èkejì, ẹ wo kóró rẹ̀. Bí ẹ bá ń rí kóró ńláńlá, funfun àti dúdú, akọ òkúta ni. Bí ó bá jọ̀lọ̀, tí kóró kò hàn, ó lè jẹ́ básọ́ọ̀tì.

Ẹ̀kẹta, ẹ wò ó bóyá ó ní ihò róbótó-róbótó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó há sínú òkúta yíyọ́ ló ń ṣe ihò wọ̀nyí, bí inú búrẹ́dì. Kì í ṣe gbogbo básọ́ọ̀tì ló ní ihò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé e wò. Ó wúwo ju akọ òkúta tí ó tó o lọ. Bí a bá rí garawa kan, tí a gbé básọ́ọ̀tì tí kò ní ihò sí i, tí ó sì kún ibi tí 10 kílò omi máa ń kún, yóò tó 29 tàbí 30 kílò. Akọ òkúta kò ní ju nǹkan bí 26 sí 27 kílò lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Ọ̀bẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. Irin ọ̀bẹ gan-an ni yóò fi ìlà sílẹ̀ lára òkúta.

Ẹ̀kẹfà, ẹ wá òòfà láti ẹ̀yìn sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́. Ẹ fi òwú so ó rọ̀, kí ẹ sún òkúta mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òòfà yóò yí sí ọ̀dọ̀ básọ́ọ̀tì díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ náà lè fa òòfà, nítorí náà ẹ má fi èyí nìkan dájọ́.

Ẹ kíyè sí i o: bí òkúta náà bá ní ẹnu bí àáké, tàbí tí ara rẹ̀ bá dán bí ohun tí wọ́n lọ̀, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi ọ̀bẹ ha á. N óò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

ÀWỌN TÍ Ó MÁA Ń JỌ Ọ́

Yangí ni ó máa ń tan àwọn ará wa jẹ jù. Òun náà ní ihò, òun náà sì lè dúdú lára. Ṣùgbọ́n ẹ fi í ha ẹ̀yìn táìlì funfun tí kò dán: yangí yóò fi àmì pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀. Básọ́ọ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yangí tún máa ń rún bí a bá fi òòlù lù ú.

Ìdàrọ́ ni ìkejì, èyí tí í ṣe ìdọ̀tí irin láti ibi tí àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ti ń yọ́ irin. Òun náà dúdú, ó wúwo, ó sì ní ihò. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i bí ẹni pé ó ṣàn, ara rẹ̀ a máa dán bí ìgò níbì kan. Bí ẹ bá rí ìdàrọ́ púpọ̀ lójú kan, ẹ sọ fún wa, nítorí pé ibẹ̀ lè jẹ́ ojú àgbẹ̀dẹ àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀dà títì tí ó ti dì. Ẹ fi iná sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ń rọ̀, tí ó ń rùn bí epo, ọ̀dà ni.

ẸDÙN ÀRÁ ŃKỌ́?

Mo fẹ́ kí a fi sùúrù sọ ọ̀rọ̀ yìí. N kò wá láti ba ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Láti ìgbà láéláé ni àwọn bàbá wa ti ń bá irú òkúta tí ọmọ wa rí yìí pàdé nínú oko, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá tí ó ti fọ ilẹ̀. Wọ́n ní Ṣàngó ló jù ú láti òkè, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí ojúbọ. Ní Ìbíní níhìn-ín pẹ̀lú, irú òkúta bẹ́ẹ̀ wà lórí pẹpẹ àwọn baba ńlá. Àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ náà gbà pé ó ti ojú ọ̀run wá pẹ̀lú àrá, wọ́n a sì máa fi pamọ́ sínú ilé kí àrá má baà sán lù wọ́n. Ẹ rí i pé ènìyàn kì í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ẹnu má yà á.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni pé ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Kí irin tó dé, òkúta ni àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe àáké àti ọkọ́. Wọ́n á wá òkúta tí ó le, tí kóró rẹ̀ sì kéré. Wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi jọ àáké, lẹ́yìn náà wọn á fi omi àti iyanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta fún ọjọ́ pípẹ́ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mú. Akọ òkúta kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé kóró rẹ̀ tí ó tóbi a máa mú kí ẹnu rẹ̀ rún. Básọ́ọ̀tì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló yẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan yìí wà nílẹ̀ Yorùbá: òkúta yíyọ́ tí kò dé òde, tí ó dì sínú ibi tí akọ òkúta ti là. Ẹ lè rí i bí ìlà dúdú gbọọrọ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. N kò sọ pé gbogbo ẹdùn àrá ni básọ́ọ̀tì o. Òkúta líle oríṣiríṣi ni wọ́n lò.

Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wa ilẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun, ní Ìpínlẹ̀ Òndó òde òní. Wọ́n rí egungun ènìyàn tí ó ti lé ní 11,000 ọdún. Nínú ilẹ̀ tí ó wà lókè egungun náà, tí í ṣe ti ìgbà tí ó tẹ̀lé e, wọ́n bá àáké òkúta lílọ̀ àti àpáàdì. Báwo ni wọ́n ṣe mọ èyí tí ó ṣáájú? Ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà nínú ilẹ̀ ló sọ fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ilẹ̀ Ìbíní kò ní àpáta. Nígbà náà, ta ni ó gbé òkúta dúdú yẹn dé oko ọmọ wa? Àgbẹ̀ bíi tiwa ni, tí ó ṣán igbó yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin, tí ó sì gba àáké rẹ̀ láti ìlú òkèèrè. Bóyá ó fi nǹkan ṣe pàṣípààrọ̀ ni, bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ibi tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ebè wa ni. Bí a bá ti tà á, tí a kò sì kọ ibi tí a ti rí i sílẹ̀, ẹ̀rí àgbẹ̀ náà ti parẹ́. Òkúta náà lè wà nílé olówó kan, ṣùgbọ́n ó ti di odi, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

ILẸ̀ PUPA MÉJÌ

Kí ni básọ́ọ̀tì kan iṣẹ́ oko wa? Ó kàn án gidigidi. Bí òjò àti oòrùn bá ti jẹ básọ́ọ̀tì fún ọdún gbọọrọ, yóò di ilẹ̀ pupa tí ó lọ́ràá. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó wà ní Ikom, kòkó sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Òkúta náà ni àwọn ará ibẹ̀ gbẹ́ sí àwòrán ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní Akwanshi.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ti ìhà Òndó àti Èkìtì wá rí i pé ilẹ̀ ibí pupa, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ọlọ́ràá nìyí." Pípupa kì í ṣe ọ̀rá o. Irin tí ó dípẹtà ló ń mú ilẹ̀ pupa, ìba irin díẹ̀ sì tó láti kun iyanrìn. Ilẹ̀ pupa ti Ikom, òkúta tí ó kún fún oúnjẹ ewéko ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa, iyanrìn ni ìyá rẹ̀, òjò sì ti fọ ọ̀pọ̀ oúnjẹ inú rẹ̀ lọ. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀, ikùn wọn kò dọ́gba.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ fi koríko àti ewé bò ó, ẹ gbin ẹ̀wà sáàárín ire oko, ẹ kó ìgbẹ́ adìẹ àti ìdọ̀tí ilé tí ó ti jẹrà sí i, kí ẹ sì pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí òjò má baà gbé gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pẹ àti rọ́bà máa ń fara da irú ilẹ̀ yìí. Àwọn ilé ìwádìí ìjọba fún méjèèjì kò sì jìnnà sí wa, NIFOR fún ọ̀pẹ àti ti Iyanomo fún rọ́bà. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin kòkó níbí, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ta ìyẹ̀fun òkúta dúdú fún yín pé ajílẹ̀ ni, ẹ mọ̀ pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni òkúta ń yọ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kò lè gba iṣẹ́ ajílẹ̀ ọdún yìí ṣe.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Bí ẹ bá rí òkúta tí ọwọ́ ènìyàn ti kàn nínú oko yín:

1. Ẹ fi igi sàmì sí ojú ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi ọ̀pá wọn bí ó ṣe jìn tó.
2. Ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe ha á, ẹ má ṣe fi epo pa á.
3. Ẹ wò ó bóyá àpáàdì, eérú tàbí èédú wà nítòsí rẹ̀. Ẹ má wú wọn.
4. Ẹ mú ìròyìn wá sí ọ́fíìsì wa. A ó jọ lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní King's Square, ibi tí gbogbo wa ń pè ní Ring Road.
5. Ẹ má ṣe tà á. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1979 lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kò fún ẹni tí kò gba àṣẹ láyè láti máa rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí a gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Ní ti ìbẹ̀rù pé ìjọba yóò tìtorí òkúta kan gba ilẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo tí ènìyàn gbé wá kò sọ oko di ibi ìwakùsà. Ẹni tí ó bá sì wá sọ fún yín pé kùsà wà nínú ilẹ̀ yín, tí ó ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé, ẹ má fọwọ́ sí i. Òfin 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè wà á.

Ọmọ wa tí ó ta òkúta náà wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá. Ó mú ọ̀pá dání, ó ní kí n jẹ́ kí a lọ. Ó mọ ojú ebè náà gan-an. A sàmì sí i, a wọn jíjìn rẹ̀, a sì rí àpáàdì mẹ́ta níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí tẹ́lẹ̀. A fi wọ́n sílẹ̀ bí a ṣe bá wọn, a sì ti kọ̀wé sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé. Àáké ti lọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò tíì sọnù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sí etí àwọn tí kò mọ̀wé kà. Ọlọ́run yóò bá wa mú èso jáde o.

Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn Ibùdó